Ohùn inú kásẹ́ẹ̀tì àtijọ́: bí ẹ ṣe lè gbé e sínú kọ̀ǹpútà kó sì dún ketekete

Kásẹ́ẹ̀tì kan wà nílé wa tó ti dá ìjà sílẹ̀ rí. Ìyá bàbá mi ló ń ki àwọn ọmọ rẹ̀ nínú rẹ̀, lọ́dún 1986, ní pálọ̀ ilé wa n'Íbàdàn. Ó dé ibì kan, ó pe oríkì ọmọ kan, ó sì ki onítọ̀hún títí ohùn rẹ̀ fi há. Bàbá mi ní Àjàní ni ìyá òun pè, òun sì ni Àjàní. Àbúrò rẹ̀ ní kò rí bẹ́ẹ̀, Àkànní ni màmá ń ki. Gbogbo ìgbà tí a bá fi kásẹ́ẹ̀tì yẹn sí rẹ́kọ́dà, ohun tí etí ń mú kò ju ohùn ìsàlẹ̀ méjì àti ohùn òkè kan lọ, bí ìgbà tí onígángan bá ń fi ìlù pe èèyàn lóde àríyá. Àjàní, Àkànní, Àlàní: lórí ìlù, ọ̀kan náà ni wọ́n. Kọ́ńsónáǹtì ló yà wọ́n sọ́tọ̀, kọ́ńsónáǹtì náà ló sì kọ́kọ́ máa ń sọnù tí ẹ̀rọ tó ń ka kásẹ́ẹ̀tì kò bá mọ́.

Mo fi ìyẹn ṣáájú nítorí pé ètò kọ̀ǹpútà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń bi mí. "Èwo ni kí n dànlóòdù?" Ètò kọ́ ni wàhálà ibẹ̀. Ohun tí hẹ́ẹ̀dì, irin kékeré inú rẹ́kọ́dà tó ń ka téèpù, kò bá kà, kò sí ètò kankan tó lè dá a padà. Ara kásẹ́ẹ̀tì àti ara rẹ́kọ́dà la ó ti pẹ́ jù.

Ẹ yẹ kásẹ́ẹ̀tì wò ná

Ní ẹ̀yìn kásẹ́ẹ̀tì, níbi tí téèpù kò ti yọjú, ike pẹlẹbẹ kékeré méjì wà, ọ̀kan ní igun ọ̀tún, ìkejì ní igun òsì. Ẹ fi skúdíráfà ṣẹ́ méjèèjì dànù. Láti ìgbà náà lọ, rẹ́kọ́dà kò ní gbà kí ẹnikẹ́ni ṣèèṣì gba nǹkan mìíràn lé e lórí. Tí ẹ bá rí i pé ẹnì kan ti ki pépà bọ ihò yẹn tàbí pé ó ti lẹ sẹ́lótéèpù bò ó, ẹ yọ ọ́. Gbogbo wa la mọ ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe: wọ́n fẹ́ gba fújì lé wàásù lórí ni.

Ẹ gbé e síbi ìmọ́lẹ̀, kí ẹ wo ojú fèrèsé rẹ̀. Bí ẹ bá rí nǹkan funfun bí ìyẹ̀fun lára téèpù tó wé mọ́ra wọn, ó ti bu nìyẹn. Kásẹ́ẹ̀tì tó bá ti gbé inú àpótí lábẹ́ ibùsùn fún ọ̀pọ̀ ìgbà òjò sábà máa ń ní in. Ẹ má ti irú rẹ̀ bọ rẹ́kọ́dà, torí á lẹ̀ mọ́ hẹ́ẹ̀dì, kásẹ́ẹ̀tì tó bá tẹ̀lé e á sì kó o. Ẹ fi nǹkan bo imú, ẹ jáde síta, kí ẹ máa yí i díẹ̀díẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ nígbà tí téèpù ń gba ojú aṣọ rírọ̀ gbígbẹ kọjá. Iṣẹ́ sùúrù ni. Kásẹ́ẹ̀tì kan lè gba gbogbo ọ̀sán.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wo àárín ibi tí téèpù ti yọjú. Òwú kékeré kan wà lórí irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan níbẹ̀, òun ló ń ti téèpù mọ́ hẹ́ẹ̀dì. Gọ́ọ̀mù abẹ́ rẹ̀ máa ń gbẹ, òwú á sì já bọ́, kásẹ́ẹ̀tì á wá máa dún bí ẹni tí wọ́n fi ìrọ̀rí bò lẹ́nu. Ẹ yọ irin àti òwú lára kásẹ́ẹ̀tì mìíràn tí ẹ kò nílò mọ́, kí ẹ fi rọ́pò. Tí ilé kásẹ́ẹ̀tì bá ní skúrù, márùn-ún ló sábà máa ń jẹ́, ẹ tú u lórí tábìlì tí fáànù kò fẹ́ sí. Tó bá jẹ́ èyí tí wọ́n lẹ̀ pa, ẹ fi abẹ la ojú ibi tí ike méjèèjì ti pàdé, kí ẹ kó téèpù inú rẹ̀ lọ sínú ilé mìíràn tó ní skúrù.

Ọ̀rọ̀ téèpù tó já: ẹ má fi sẹ́lótéèpù so ó. Mo ti gba kásẹ́ẹ̀tì kan padà lọ́wọ́ ẹni tó ń tún rédíò ṣe, sẹ́lótéèpù ló fi so ó, kí oṣù mẹ́ta tó pé, ooru ti yọ́ gọ́ọ̀mù náà, ó ti lẹ ìpele téèpù mẹ́rin pọ̀ mọ́ra wọn. Téèpù ìsomọ́ tí wọ́n ṣe fún kásẹ́ẹ̀tì wà, fífẹ̀ rẹ̀ kò ju ìdá mẹ́jọ ínǹṣì lọ. Ẹ gé etí méjèèjì dọ́gba, ẹ fi wọ́n ko ara wọn láìjẹ́ kí ọ̀kan gun èkejì, ẹ lẹ ìsomọ́ náà sí ẹ̀yìn, ìyẹn ojú tí kì í kan hẹ́ẹ̀dì.

Kí ẹ tó gbọ́ ọ, ẹ fi báírò yí i wò bí a ti ń ṣe nígbà tí bátìrì bá wọ́n. Bó bá yí geere, ẹ fi ẹ̀rọ sá a dé òpin, kí ẹ sì sá a padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Téèpù tó ti wé lójú kan fún ogún ọdún máa ń lẹ̀ mọ́ra, sísá yìí ló ń tú u. Nọ́ńbà tó wà lára rẹ̀, 60 tàbí 90, ni iye ìṣẹ́jú ojú méjèèjì. Èyí tó bá jẹ́ 120, téèpù rẹ̀ fẹ́lẹ́ gan-an: ọwọ́ ni kí ẹ fi yí i, ẹ má fi ẹ̀rọ sá a.

Ẹ̀rọ tí ẹ ó fi kà á

Àwọn ẹ̀rọ pẹlẹbẹ olówó pọ́ọ́kú kan wà tó ní wáyà USB, tí wọ́n ní ẹ kàn fi kásẹ́ẹ̀tì sí, ó tán. Èmi kì í gbà á níyànjú. Mọ́tò inú wọn kì í sáré dọ́gba, ohùn á máa mì bí ẹni tó ń kọrin nínú ọkọ̀ ojú omi, fún èdè tí ohùn ń yí ìtumọ̀ padà bíi tiwa yìí, ìyẹn kì í ṣe nǹkan kékeré. Ẹ wá dẹ́ẹ̀kì gidi, èyí tí a máa ń tò sórí ànpílífáyà nínú pálọ̀. Tòkunbọ̀ rẹ̀ ṣì pọ̀. Kó ní ihò pupa àti funfun lẹ́yìn tí wọ́n kọ LINE OUT sí. Tó bá jẹ́ irú èyí tó ń yí ojú padà fúnra rẹ̀, ẹ má lo ìyẹn. Ọwọ́ ni kí ẹ fi yí kásẹ́ẹ̀tì, torí hẹ́ẹ̀dì tó ń yí kiri kì í dúró ṣánṣán.

Ẹ ṣí i, kí ẹ wo bẹ́lítì. Rọ́bà ni, tó bá ti pẹ́, ó máa ń yọ́ di ọ̀dà. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀.

Báwo lẹ ó ṣe mọ̀ bóyá ó ń sáré bó ti yẹ? Sẹ̀ǹtímítà 4.76 ló yẹ kí téèpù rìn ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ṣùgbọ́n ta ni yóò fi rúlà wọ̀n ọ́n? Ẹ wá kásẹ́ẹ̀tì orin kan tí ẹ ní ẹ̀dà rẹ̀ lórí CD. Ká ní orin náà gba ìṣẹ́jú 10 géérégé lórí CD, tó wá parí ní ìṣẹ́jú 9 àti àáyá 42 lórí dẹ́ẹ̀kì yín, ẹ̀rọ yín ń fi bí ìdá 3 nínú 100 sáré jù. Lẹ́yìn mọ́tò ọ̀pọ̀ dẹ́ẹ̀kì, ihò kékeré kan wà tí ẹ lè ti skúdíráfà tẹ́ẹ́rẹ́ bọ̀ láti dín eré rẹ̀ kù tàbí láti fi kún un.

Hẹ́ẹ̀dì

Ẹ yọ ẹ̀rọ kúrò nínú iná. Ẹ ra isopropyl alcohol, èyí tó tó 99% ló dára jù, kó má wá sí ìsàlẹ̀ 90%. Spírítì aláwọ̀ máa ń fi nǹkan sílẹ̀ lára irin. Ògógóró kọ́ o. Mo mọ ẹni tó dán an wò. Ẹ rẹ òwú tí a fi ń nu etí sínú rẹ̀, ẹ nu ojú hẹ́ẹ̀dì àti ọ̀pá irin kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ títí òwú yóò fi máa jáde ní funfun. Àwọ̀ ilẹ̀ tó kọ́kọ́ máa jáde, ìpẹpẹ irin tó ti bọ́ lára téèpù ni. Rólà rọ́bà tó ń fa téèpù, omi àti ọṣẹ díẹ̀ ni kí ẹ fi nù ún, torí alcohol a máa gbẹ rọ́bà. Ẹ jẹ́ kí gbogbo rẹ̀ gbẹ. Kásẹ́ẹ̀tì márùn-ún márùn-ún ni èmi máa ń kà kí n tó tún un nù.

Ibi tí a dé yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń fò. Hẹ́ẹ̀dì gbọ́dọ̀ dúró lọ́nà kan náà sí téèpù bí ó ti dúró lọ́jọ́ tí wọ́n gba ohùn náà sílẹ̀. Tó bá fi díẹ̀ tẹ̀, kódà díẹ̀ tí ojú kò lè rí, tírẹ́bù (apá ohùn tó tín-ín-rín, tó sì mú) lọ nìyẹn, gbogbo "s", "f", "k" bá a lọ. Kì í sì ṣe pé kí tiyín ṣáà ti tọ́. Bí hẹ́ẹ̀dì rẹ́kọ́dà bàbá mi bá tẹ̀ lọ́dún 1986, bẹ́ẹ̀ gan-an ni tèmi náà gbọ́dọ̀ tẹ̀ lónìí kó tó lè ka ohun tí tiẹ̀ kọ.

Skúrù méjì ló di hẹ́ẹ̀dì mú, ọ̀kan ní apá ọ̀tún, ọ̀kan ní apá òsì. Èyí tó ní sípíríǹgì lábẹ́ ni à ń wá. Lára ọ̀pọ̀ dẹ́ẹ̀kì, tí ẹ bá ti yọ ìdérí ẹnu ọ̀nà rẹ̀, ẹ ó rí i láti iwájú nígbà tí kásẹ́ẹ̀tì ń ṣeré lọ. Ẹ fi ọ̀dà èékánná sàmì síbi tó wà tẹ́lẹ̀, kí ẹ lè dá a padà. Lẹ́yìn náà, ẹ so wáyà etí mọ́ ọn, ẹ jẹ́ kí ohùn ọ̀tún àti òsì para pọ̀ di móónò, kí ẹ wá yí skúrù náà díẹ̀ sọ́tùn-ún, díẹ̀ sósì. Ẹ má tẹ́tí sí orin tàbí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀. Ariwo ṣìì tó wà lẹ́yìn ọ̀rọ̀ ni kí ẹ tẹ́tí sí: níbi tó bá ti mú jù, tó dún bí ẹ̀pà tí wọ́n ń yan, ibẹ̀ gan-an ni. Tó bá kọjá ibẹ̀, ó tún máa ṣú padà. Skúdíráfà yín kò gbọdọ̀ jẹ́ irú èyí tí ojú rẹ̀ ń fa irin mọ́ra, torí ó lè kó ariwo sára hẹ́ẹ̀dì.

Ohun tí mo yí kò tó ìdá mẹ́jọ ìyípo kan nígbà tí "k" jáde. Àkànní ni. Bàbá mi jókòó tì mí. Ó ní kí n dá a padà sẹ́yìn, mo dá a padà. Ó gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kejì, ó ní ẹ̀rọ náà ló ń parọ́.

Kásẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan ló nílò àtúnṣe yìí, pàápàá èyí tí wọ́n gbà nílé. Bọ́tìnnì Dolby, ìyẹn ọgbọ́n tí wọ́n fi ń dín ariwo ṣìì kù, wà lára dẹ́ẹ̀kì yín? Kásẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fi Dolby gbà nìkan ni kí ẹ tẹ̀ ẹ́ fún, ẹ sì kọ́kọ́ tún hẹ́ẹ̀dì ṣe kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́. Èyí tí wọ́n fi rẹ́kọ́dà kékeré gbà ní ṣọ́ọ̀ṣì, ní mọ́ṣáláṣí tàbí níbi ìsìnkú kò lè ní in. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, ẹ ó tún tírẹ́bù tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ rí pa.

Wáyà àti iná

Wáyà pupa àti funfun yẹn kò gbọdọ̀ lọ sínú ihò gbohùngbohùn láptọ́ọ̀pù. Ihò yẹn máa ń le ohùn jù, móónò ló sì sábà máa ń jẹ́. Ẹ ra àpótí kékeré tí ń gba ohùn wọ USB. Ẹ wá èyí tó lè gba 24-bit tí a ó sọ níwájú, tó sì ní ihò pupa àti funfun tirẹ̀. Púpọ̀ nínú irú rẹ̀ máa ń bá fóònù Android ṣiṣẹ́ pẹ̀lú, tí ẹ kò bá ní láptọ́ọ̀pù. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gbé fóònù sí iwájú sípíkà kí ẹ wá pe ìyẹn ní gbígbé ohùn.

Bí ẹ bá ń gbọ́ ìkùn hùù tí kò dáwọ́ dúró, iná ni. Àádọ́ta ìgbà ní ìṣẹ́jú àáyá ni iná tiwa ń lọ tó ń bọ̀, òun lẹ̀ ń gbọ́ yẹn. Ẹ yọ ṣájà láptọ́ọ̀pù, kí ó lo bátìrì tirẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, ariwo á dákẹ́ lójú ẹsẹ̀. Jẹnẹrétọ̀ kékeré àti ínfátà olówó pọ́ọ́kú máa ń fi dùrùrù tiwọn kún un, nítorí náà èmi máa ń dúró de iná NEPA, àgàgà lóru tí ilé pa rọ́rọ́. Ẹ gbé fóònù jìnnà, torí á máa ṣe dìrìdìrìdì nínú ohùn tí ìpè bá fẹ́ wọlé.

Gbígbà á sílẹ̀

Audacity ni mò ń lò. Ọ̀fẹ́ ni, ó wà fún Windows, Mac àti Linux. Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ yàn án sí 48000 Hz (iye ìgbà tí kọ̀ǹpútà ń wọn ohùn ní ìṣẹ́jú àáyá kan) àti 24-bit (bí ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan ti péye tó), kí ó jẹ́ sítẹ́rìò. Ìyẹn ni IASA, ẹgbẹ́ àwọn tó ń tọ́jú ohùn sí ilé ìpamọ́ káàkiri àgbáyé, kà sí èyí tó kéré jù. 96000 Hz ni wọ́n fẹ́ràn. Fún ohùn ènìyàn lórí kásẹ́ẹ̀tì, 48000 ti tó mi.

Ẹ wá ibi tí ohùn ti le jù nínú kásẹ́ẹ̀tì, ibi tí wọ́n ti pàtẹ́wọ́ tàbí tí ìlù ti bú, kí ẹ fi ibẹ̀ díwọ̀n. Ohùn tó ga jù kò gbọdọ̀ kọjá −6 lórí ìwọ̀n Audacity. Tó bá kan òkè, ó fọ́ nìyẹn, fífọ́ yẹn kò sì ṣeé tún ṣe. Tó bá rẹlẹ̀, ẹ lè gbé e sókè lẹ́yìn náà, 24-bit fi àyè sílẹ̀ fún un.

Ẹ dá téèpù padà sí ìbẹ̀rẹ̀, ẹ tẹ bọ́tìnnì ìgbóhùnsílẹ̀ kí ẹ tó tẹ kásẹ́ẹ̀tì, kí ẹ sì gba ojú kan látòkè délẹ̀ láìdá a dúró. Kò sí ọ̀nà àbùjá. Kásẹ́ẹ̀tì 90 máa gba ìṣẹ́jú 90 yín, ẹ sì gbọ́dọ̀ máa fi etí bá a lọ. Ìṣẹ́jú kan ń gba bíi megabáìtì 17, nítorí náà kásẹ́ẹ̀tì 90 á tó gígabáìtì kan àtààbọ̀. Tí ẹ bá fi pamọ́ sí FLAC, á fẹ́rẹ̀ẹ́ dín kù sí ìlàjì láìpàdánù ohunkóhun. MP3 wà fún fífi ránṣẹ́ sí ẹbí lórí WhatsApp nìkan. Òun kọ́ ni ẹ ó pa mọ́.

Fífọ ohùn mọ́

Ẹ̀dà ni kí ẹ ṣiṣẹ́ lé lórí. Èyí tí ẹ kọ́kọ́ gbà, ẹ má fọwọ́ kàn án láé.

Fún ariwo ṣìì, ẹ sàmì sí ibi tí kò sí ẹni tó ń sọ̀rọ̀, bí àáyá méjì, ẹ lọ sí Noise Reduction lábẹ́ Effect, ẹ tẹ Get Noise Profile, lẹ́yìn náà ẹ yan gbogbo ohùn, kí ẹ wá fi 6 tàbí 9 dB sí i. Ẹ dúró níbẹ̀. Nígbà àkọ́kọ́, 24 ni mo fi. Ariwo lọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìyá àgbà wá ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó wà lábẹ́ omi, gbogbo "ṣ" rẹ̀ di atẹ́gùn. Ẹnì kan ń gún iyán lẹ́yìn ilé lọ́jọ́ yẹn; odó náà ti dákẹ́. Mo pa iṣẹ́ yẹn rẹ́, mo padà sí 6.

Bí ohùn àwọn ènìyàn bá tín-ín-rín bí ti ọmọdé, tó jẹ́ pé dẹ́ẹ̀kì yín ń sáré dọ́gba, bátìrì ló ti rẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n gbà á. Rẹ́kọ́dà ń falẹ̀ nígbà náà, ló ṣe ń sáré lónìí. Ẹ lo Change Speed and Pitch. Ó sábà máa ń burú sí i bí téèpù ti ń lọ sópin, nítorí náà ẹ pín in sí ọ̀nà mẹ́ta mẹ́rin, kí ẹ sì fi ohùn ẹnì kan tí ẹ mọ̀ dáadáa ṣe ìwọ̀n.

Tí ó bá jẹ́ rẹ́kọ́dà kékeré ni wọ́n fi gbà á, móónò ni, ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ló gbé ohùn kan náà. Ẹ gbọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ yan èyí tó mọ́ jù.

Orúkọ àti ìpamọ́

Orúkọ fáìlì, ẹ kọ ọ́ láìfi àmì sí i: 1986-iyaagba-oriki-A.flac. Àwọn ẹ̀rọ àtijọ́ kan máa ń sọ ẹ̀ àti ọ̀ wa di àmì ìbéèrè. Inú àkọlé fáìlì, ìyẹn Metadata, ni kí ẹ ti kọ Yorùbá pẹ̀lú àmì rẹ̀ ní kíkún: ta ló ń sọ̀rọ̀, níbo, lọ́dún wo. Ẹ ya fọ́tò ara kásẹ́ẹ̀tì àti pépà inú ike tí a ń kó o sí, kódà tó bá jẹ́ báírò ni wọ́n fi kọ nǹkan sí i tó ti ń pa rẹ́. Ẹ̀dà mẹ́ta ni kó wà: ọ̀kan lórí láptọ́ọ̀pù, ọ̀kan lórí háàdì dísìkì, ọ̀kan lọ́wọ́ ẹbí tó ń gbé ìlú mìíràn. Ẹ má ju kásẹ́ẹ̀tì náà nù. Ẹ̀rọ tó dára ju tiyín lọ lè bọ́ sọ́wọ́ ẹnì kan lọ́jọ́ iwájú.

Kí ẹ tó pa fáìlì dé, ẹ pe àwọn àgbà tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà wá gbọ́ ọ, kí ẹ mú ìwé àti báírò lọ́wọ́. Nígbà tí tiwa dé ìṣẹ́jú 31, ẹnì kan húkọ́ lẹ́ẹ̀mejì lẹ́yìn ìyá àgbà. Àbúrò bàbá mi ní kí n dá a dúró. Ó ní, "Bàbá nìyẹn." Kò sí ohùn bàbá àgbà níbòmíràn. Mo kọ ọ́ sí Metadata: ìṣẹ́jú 31, ikọ́ bàbá àgbà.